Ìlà Tó Tẹ́ Bí Ẹní

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ jù lọ ni gíráàfù: bí a ṣe ń wọn nǹkan, tí a ó fi àmì rẹ̀ sórí pépà alápòótí wẹ́wẹ́, tí a ó sì fa ìlà láti àmì dé àmì.

Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré. Ó máa ń sọ fún wọn pé, “Ẹ̀yin lẹ máa yan iye tí àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún. Bí ẹ bá jẹ́ kí iye náà pọ̀ jù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè á di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nǹkan á máa wó, ìlà yín á ní kò séwu.” Ẹni tó bá ṣe é, bírò pupa ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí bí, Ìbíyẹmí. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ, bàbá rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n wálé, ó ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń yà á sórí pépà. Àpótí kan dúró fún ìdajì kílò. Ìlà náà ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń wọ kànga lọ. Ó wò ó títí. Ó ká pépà náà, ó tì í bọ abẹ́ tìmùtìmù. Ó mú òmíràn. Lórí ìyẹn, àpótí kan dúró fún kílò márùn-ún. Ọmọ kan náà ni, òṣùwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlà náà tẹ́ bí ẹní. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rù ló bà á.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Ìbíyẹmí, mo ti tún ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ yìí sín, ó tún ń bọ́ sílẹ̀ tó bá dìde.”

“Wo ògiri, ìyá ọmọ. Ìlà yẹn ò yẹ̀.”

“Ṣé orí ògiri ni mo bí i sí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ìyá! Ọmọ á sín lásán, ẹ ó ti káwọ́ lérí.”

Obìnrin náà wo ògiri. Ó fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀; ìyá wo ni kò ní fẹ́? Ó gbà á gbọ́.

Ìdánwò dé. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya bí omi ṣe ń dín kù nínú àgbá tó ń jò. Ọ̀kan nínú wọn fún àpótí rẹ̀ ní iye tó pọ̀ jù, ìlà rẹ̀ tẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe àgbá náà. Nílé, ní pálọ̀, tíṣà mú bírò pupa. Ó kọ ọ́ pé, “Ìlà rẹ dùn ún wò, ṣùgbọ́n omi ti tán.” Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ògiri.

Àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa pépà àkọ́kọ́ yọ lábẹ́ tìmùtìmù, ó gbé ọmọ náà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí agbọ̀n òfìfo.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà tẹ́ pépà náà sórí tábìlì. “Ta ló ya èyí?”

“Èmi ni, dókítà.”

Dókítà fi ìka tọ ìlà náà dé ibi tí ó parí sí. “Ká ní ìgbà tí ẹ fà á dé ibí ni ẹ gbé e wá, ọwọ́ wa ì bá ká a.”

Ìyá ọmọ dúró tì wọ́n. Kò rí pépà yẹn rí. Kò sunkún. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Ìbíyẹmí kò bá wọn padà wálé. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ìlà orí ògiri ṣì tẹ́ bí ẹní.

Ìwọ tí ò ń gbọ́, má sọ pé wọ́n tàn ọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo yan iye tí àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún. O mọ ẹni tí ń rù nínú ilé rẹ, o sì mọ ohun tí o tì bọ abẹ́ tìmùtìmù. Bóyá ó ti pẹ́ jù, a kò mọ̀. Fà á yọ lónìí, kí ìka ẹlòmíràn tó bá ọ tọ ìlà náà dé ibi tí ìwọ ti dáwọ́ dúró.