Òkété àti Ọ̀kẹ́rẹ́ Ń Jiyàn Lórí Akọrin Mẹ́ta

“Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi ti dé o!”
“Kó wọlé wá, a ti ṣetán!”

Ẹ̀gà, Ìrẹ̀ àti Ọ̀pọ̀lọ́ jọ ń kọrin nínú igbó. Òkété àti Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, kì í pa eré wọn jẹ.

Lọ́jọ́ kan, Òkété ní, “Ẹ̀gà ló dára jù.”
Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Irọ́ ni! Láìsí Ìrẹ̀, ta ni Ẹ̀gà?”
Wọ́n bú ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò jọ jẹun mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, níbi eré, Òkété ju òkúta sí Ìrẹ̀, kò bà á. Ọ̀kẹ́rẹ́ ju tiẹ̀ sí Ẹ̀gà, ó bà á lọ́fun. Ẹ̀gà ṣubú, ó kú.

Ẹ bá mi gbe orin tí Ọ̀pọ̀lọ́ fi sunkún:
Ta ló dára jù o?
Orin ti kú!
Àwa mẹ́ta là ń kọ ọ́.
Orin ti kú!

Ìrẹ̀ àti Ọ̀pọ̀lọ́ ò tíì bo sàárè Ẹ̀gà tán tí Òkété fi ní, “Ẹ ò rí i? Láìsí Ẹ̀gà, kò sórin mọ́.”
Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Irọ́ ni! Ìrẹ̀ ṣì wà.”
Ìrẹ̀ wò wọ́n. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, òun àti Ọ̀pọ̀lọ́ bá tiwọn lọ láìwẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, tí wọ́n ń jiyàn lórí sàárè.