Àga Àlàbá

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Morádéùn mọ òwe yìí kó tó wọ yunifásítì lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nínú ìdánwò gan-an, bó bá di bí a ṣe ń fa ọmọ tí kò tètè mọ̀wé mọ́ra, kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú.

Wọ́n wá rán an lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti fi iṣẹ́ náà dánra wò. Ó gbọ́ pé olùkọ́ tí yóò fún un ní máàkì ń bọ̀ lọ́la. Ó pe Àlàbá, ọmọbìnrin tí kì í lè kàwé geere, sẹ́yìn kíláàsì.

"Àlàbá, jókòó sílé lọ́la, jàre. Kíláàsì wa á dùn ún wò bí o ò bá sí níbẹ̀."

"Ó dáa, mà."

Olùkọ́ náà dé, ó wò, ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó yin Morádéùn pé kò sọ́mọ kan tó ń fà sẹ́yìn nínú kíláàsì rẹ̀.

Àmọ́ Àlàbá ò padà wá mọ́; àga rẹ̀ ṣófo. Nígbà tó pẹ́, Morádéùn wá a lọ sílé, ó bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó lóṣòó tì í.

"Àlàbá, dákun, máa bọ̀ nílé-ìwé."

Ọmọ náà gbójú sókè. Kò bínú. "Àǹtí, ṣé kíláàsì dùn ún wò lọ́jọ́ yẹn?"

Morádéùn dáhùn: "Ó dùn ún wò."

"Mo mọ̀," ni Àlàbá wí, ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Ẹ jẹ́ kó máa dùn ún wò bẹ́ẹ̀."