Orin Omi Ìdí Àràbà

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá-ìyá mi ni mo ti gbọ́ èyí. A pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, ariwo wa ló ń lé ẹ̀fọn. Àárò ìgbà náà ń sọ mí o! Àlọ́ mi gbéra, ó rìn, ó kan Erin, Ọ̀pọ̀lọ́ àti Òkété.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀dá dá. Odò gbẹ, ewé gbẹ, ọ̀fun gbẹ. Àwọn ẹranko ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ wá omi. Ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ á wà nínú orin."

Ọ̀pọ̀lọ́ fetí lélẹ̀ ní ìdí àràbà, ó gbọ́ omi. Òkété gbẹ́lẹ̀, ó gbẹ́lẹ̀, ó gbẹ́lẹ̀, ó kan àpáta. Erin fa àpáta yọ. Omi tú jáde! Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ya lu Òkété, ó kú sínú ihò. Wọ́n mu omi, wọ́n sunkún, wọ́n kọrin:

Ta ló gbọ́ omi ní ìdí àràbà?
Ègbè: Ọ̀pọ̀lọ́ ni, kò dá ṣe é.
Ta ló gbẹ́lẹ̀ kan àpáta?
Ègbè: Òkété ni, kò dá ṣe é.
Ta ló fa àpáta yọ?
Ègbè: Erin ni, kò dá ṣe é.

Ìyá-ìyá mi á ní, "N ò gbọ́ ègbè yín!" Àwa náà á wá lanu gbàgà.

Òjò padà dé. Wọ́n padà sí odò, igbó bo ìdí àràbà. Erin ní, "Orin yìí gùn jù. Òkété ti kú, òkú kì í mu omi. Ẹ máa kọ ọ́ pé, Erin ló wá omi." Ta ni yóò bá Erin jiyàn? Wọ́n gé orin kúrú. Opó Òkété nìkan ni kò gé e. Òun ló fi ń rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kún.

Ọdún gorí ọdún. Ọ̀pọ̀lọ́ kú. Ọ̀dá tún dá. Wọ́n ní, "Erin, ìwọ lo wá omi. Níbo ló wà?"

Erin ti gbàgbé. Ó fa igi tu, ó fa igi tu, ó fa igi tu. Erùpẹ̀ gbígbẹ ni. Ọmọ rẹ̀ ṣubú, kò lè dìde mọ́. Ni Erin bá lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú opó Òkété.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ mi ń kú lọ. Ẹ kọ orin àtijọ́ fún wa."

"Màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dárúkọ ọkọ mi."

Omijé bọ́ lójú Erin. Ó ní, "Òkété ló gbẹ́lẹ̀. N kò dá ṣe é."

Ìyá náà bá gbé orin: "Ta ló gbọ́ omi ní ìdí àràbà?"

"Ìdí àràbà!" Gbogbo wọn sáré. Àwọn ọmọ Òkété gbẹ́lẹ̀, Erin fa igi tó wó dí ibẹ̀ kúrò. Omi dé. Ọmọ Erin mu, ó dìde.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣe, ká má fi í sórúkọ ẹnì kan. Ẹni tó gé orúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú orin, ọ̀nà omi ló gé.

Ìyá-ìyá mi ti lọ. Ọmọ́dọlá àti Fárounbí tí a jọ ń gbè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ náà ti lọ. Ó ku èmi nìkan. Ó yá, ta ló pa àlọ́ yìí fún yín?

"Ẹ̀yin ni, ẹ kò dá ṣe é!"

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyẹn.