Ìdí Tí Ilé-Ọmọ Fi Ń Pààrọ̀ Ẹní Rẹ̀ Lóṣooṣù

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀yà ara ṣì ń fọhùn bí ènìyàn, obìnrin kì í ṣe nǹkan oṣù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ilé-Ọmọ máa ń gba ẹní tí wọ́n tẹ́ de ọmọ, kò sì ní pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Nínú ara obìnrin kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ló ń ṣiṣẹ́ ẹní náà. Ọpọlọ, olórí gbogbo ara, ló ń rán wọn, odò ẹ̀jẹ̀ sì ni wọ́n ń gbà lọ. Atẹ́ní ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń tẹ́ ẹní tó nípọn, tó sì rọ̀ bí òwú. Agbẹ́níró ni àbúrò. Òun ló ń di ẹní náà mú kó má baà ya.

Wọ́n retí ọmọ títí. Ẹyin ń jáde lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò tíì bá irúgbìn bàbá pàdé. Ẹní gbó. Ó gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Atẹ́ní ní, “Àbúrò mi, fi ẹní yìí sílẹ̀ kó lọ. Ṣé orí èyí ni àlejò yóò sùn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Ẹní tí mo ti ń dì mú látọjọ́ yìí? Ẹ ò kàn lè rí nǹkan kẹ́ ẹ má tún un ṣe ni.”

Ilé-Ọmọ, onílé, bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá ẹlẹ́ní! Ẹ sinmi. Ẹní kì í sáà jẹun.”

Atẹ́ní na ọwọ́ sí ẹní náà. Ó fa igun kan ya, fààà! Ó tẹ́ tuntun síbẹ̀.

Agbẹ́níró figbe ta. “Ẹ ti bà mí níṣẹ́ jẹ́!”

“Jẹ́ kó bàjẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, odò ẹ̀jẹ̀ hó yee. “Ẹyin ti bá irúgbìn pàdé! Ọmọ ń bọ̀ o!” Gbogbo ara fò sókè.

Ọmọ yí wọlé, kékeré bí eruku. Ó di ẹní mú, ẹní rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yọ̀ tẹ̀rẹ́. Ó tún dì í mú, ó tún yọ̀!

“Ẹ gbà mí o! Kò síbi tí mo lè fẹ̀yìn tì!”

Agbẹ́níró kígbe. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń lọ o! Ó ń lọ!”

Atẹ́ní pariwo pé, “Igun! Ọmọ, yí sí igun!”

Ọmọ yí, ó yí, ó kan igun tuntun. Ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin! Agbẹ́níró fò mọ́ igun náà, ó dì í mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí Àwẹ̀ró fi bí ọmọbìnrin làǹtì-lanti.

Nígbà náà ni Ọpọlọ pè wọ́n. “Ẹní tó gbó kò yẹ àlejò. Bí ọmọ kò bá wá, Agbẹ́níró, fi ẹní sílẹ̀ kó lọ. Atẹ́ní, tẹ́ tuntun. Bí ọmọ bá wá, ẹ má jẹ́ kí ẹní yẹ̀.”

Agbẹ́níró kúnlẹ̀. “Mo gbọ́, bàbá. Agídí mi fẹ́ẹ̀ pa ọmọ.”

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin tó ti bàlágà ti ń ṣe nǹkan oṣù, bí ó bá sì lóyún, nǹkan oṣù a dúró. Kì í ṣe ẹ̀gbin, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ẹní tí ọmọ kò sùn sí ló ń bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ń fi ọmọbìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́: orí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ni òun náà ti kọ́kọ́ sùn.