Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ilé Òkété

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó dí ẹnu ọ̀nà, ẹ sún kúrò ńbẹ̀ kí ènìyàn lè rí ibi kọjá. Ó dáa. Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ilé kan rèé: àlejò mọ ẹnu ọ̀nà kan, onílé mọ méjì. Ilé ta ni? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ panu mọ́, ẹ máa gbọ́.

Àlọ́ mi ta gìrì, ó já sí ihò Òkété, ó já lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbi tó ti ń ṣòfófó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kan, Òkété kó èkùrọ́ àti omi pa mọ́ sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbẹ́ ọ̀nà kan sẹ́yìn ilé nítorí iná ìgbẹ́. Ó ń kọ́ wọn pé, "Bí mo bá fẹsẹ̀ kilẹ̀, kí kálukú di ìrù ẹni iwájú rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ lé mi. Ẹ má bi mí léèrè ohunkóhun."

Òórùn èkùrọ́ dé imú Ìjàpá. Ló bá gba ọ̀dọ̀ Ìgalà, baálẹ̀ wọn, lọ.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Òkété ń fọwọ́ ara rẹ̀ pe iná. Ta ní í la ọ̀nà àsálà bí kò bá tíì ránṣẹ́ sí ewu?"

Ará ìgbẹ́ pé jọ. Gbogbo wọn yí ọwọ́ po orí, wọ́n ta ìka dànù, wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ìgalà ní, "Òkété, a kì í fẹnu ara ẹni pe ibi. Dí ihò yẹn."

"Ẹ má bínú, Baálẹ̀, n kò pe iná. Iná kì í dúró kí a pè é. Èmi ni mo bí àwọn ọmọ mi, n kò sì bí wọn fún iná. N ò dí i."

Ìjàpá ní, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, màá bá ọ dí i. Èkùrọ́ yẹn la ó fi ṣètùtù." Ó yí òkúta dí ihò, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ dáadáa. Ó gbé odidi agbọ̀n èkùrọ́ kan lọ. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó jẹ ètùtù ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ náà dun Òkété wọ eegun. Kò sunkún. Ó yà sí apá kejì, ó gbẹ́ ọ̀nà mìíràn, ó fi ewé gbígbẹ bo ojú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbàdúrà níta pé iná ò ní wá, ó ń ṣe àmín, ó ń gbẹ́lẹ̀.

Ọ̀kánjúà ò jẹ́ kí Ìjàpá sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Òkété ń sùn, ó yọ́ wọlé rẹ̀, ó ń di èkùrọ́ tó kù sẹ́nu. Àṣé àwọn ọdẹ ti finá sígbẹ́. Màjàlà ń já bọ́, èéfín gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìjàpá sáré sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ó forí sọ òkúta. Amọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ti gbẹ, ó ti le.

Òkété ta jí, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀. Àwọn ọmọ di ìrù ara wọn mú. Nínú èéfín, Ìjàpá gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀, ó nawọ́, ìrù àbíkẹ́yìn ló bà.

"Ìyá, ìrù mi wúwo."

"Má wẹ̀yìn. Máa bọ̀."

Ihò há. Ó ń ha ẹ̀yìn Ìjàpá gàràgàrà títí wọ́n fi yọ sétí odò, níbi tí iná lé àwọn ẹranko yòókù dé. Ìgalà wo àwọn ọmọ Òkété, kò sí èyí tó jóná. Ó wo Ìjàpá, èkùrọ́ kún un lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ìjàpá, ṣé ètùtù lò ń jẹ?"

Ìjàpá fọwọ́ bo ẹnu. Òkété ló fọhùn.

"Baálẹ̀, ẹ ní kí n dí ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo gbẹ́ òmíràn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún gbẹ́ òmíràn."

Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ta ìka.

Ibi tí àlọ́ mi gbà jáde nìyí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí gbágungbàgun, tí Òkété sì fi máa ń ní ihò kejì tí ó fewé bò. Bí mo bá purọ́, kí ẹnu ọ̀nà mi dí mọ́ mi. Ẹ̀yin náà, bí àgbà bá ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbẹ́lẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe é.