Ẹni tí Ó Ń Gé Etí Aṣọ

Obìnrin kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí ibi tá a jókòó sí yìí. Opó ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sì ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé: kí aṣọ tó ti kan ara rẹ̀ má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ló fi ẹ̀rù náà sí i lára láti kékeré. Ìyá náà a máa sọ fún un pé òógùn èèyàn máa ń wà lára aṣọ rẹ̀ títí, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣeni níbi, etí aṣọ ẹni ló máa kọ́kọ́ wá gé. Ìyá kú, ẹ̀rù náà kò bá a lọ.

Nítorí bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí kì í fi aṣọ tọrẹ. Kì í tà á. Kò sì lè sun ún, torí ohun tó fi owó rẹ̀ rà ń dùn ún. Ó kàn ń kó wọn jọ ni. Kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn mẹ́ta wà ní yàrá rẹ̀, ó gba ògiri kan tán. Bùbá tí kò gba apá rẹ̀ mọ́ wà níbẹ̀, yẹ̀rì tí rọ́bà rẹ̀ ti já wà níbẹ̀, àǹkárá tí wọ́n fi sin òkú ẹni tí òun alára kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́ wà níbẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó dé ilé ọkọ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, àfi kó fi èjìká tì í. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí, ó ń gbé e kiri bí ẹni tó ni báńkì.

Má tíì rẹ́rìn-ín o.

Ọmọ kan ló bí, ọkùnrin. Ọmọ náà gbéyàwó, wọ́n sì jọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá. Ọdún kẹfà ni oyún tó dúró. Inú ìyá dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún ìyàwó láràárọ̀, kì í sì í jẹ́ kó gbé garawa omi. Nígbà tí oyún pé oṣù méje, ìyàwó wá kúnlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ní ògbólógbòó ìró kan tó ti rọ̀, ẹ bùn mi kí n gé e ṣe ìtẹ́dìí. Wọ́n ní ká ti máa kó ẹrù ọmọ jọ."

Ṣé o rí ohun tó burú níbẹ̀? Èmi ò rí i. Ta ni nínú wa tí wọn ò fi àlòkù ìró ìyá àgbà ṣe ìtẹ́dìí fún? Aṣọ tuntun máa ń ha ọmọ nítan. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti sá fún ọdún mẹ́wàá ló ń tù ú lára. Ṣùgbọ́n ohun tó dúró sí ìyá lọ́kàn ni pé ẹnì kan fẹ́ gé aṣọ òun. Ó ní, "Màá wò ó." Kò wò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú ìró tó máa ró lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tú ìró náà. Etí rẹ̀ kan kò sí mọ́. Ó fa òmíràn yọ, wọ́n ti gé ìyẹn náà, ihò rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ara obìnrin yìí bù máṣọ. Kọ́kọ́rọ́ rèé ní ìdí rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, síbẹ̀ wọ́n wọlé wọ́n gé e.

"Mo gbé! Wọ́n ti mú mi!"

Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn padà. Kò wo inú rẹ̀ mọ́, torí ẹ̀rù ohun tó tún lè rí níbẹ̀ ń bà á.

Láti ọjọ́ yẹn, ara rẹ̀ kò yá mọ́. Bí orí bá fọ́ ọ, ó ní àwọn ni. Bí ẹsẹ̀ bá ro ó, ó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí ilé bá dákẹ́, ó máa ń gbọ́ ohun kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kẹrẹkẹrẹ, kẹrẹkẹrẹ, bí ẹni ń fi èékánná ha pákó. Á ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" á sì sá bọ́ sí gbàgede. Kò jẹ oúnjẹ tí ìyàwó bá sè mọ́. Bí wọ́n bá pàdé ní ọ̀ọ̀dẹ̀, á ká ìró rẹ̀ mọ́ra kó má baà kan ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyàwó bi í pé, "Màmá, kí ni mo ṣe yín?" Ìyá wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, òjò ló ṣú. Ìyàwó sáré lọ ká aṣọ lórí okùn, ó sì ká bùbá ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá yọjú, ó rí bùbá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó. Ó tún rí àlùmọ́gàjí lórí àga, níbi tí ìyàwó ti ń rán fìlà ọmọ. Ó fi igbe ta.

"Ẹ wá o, ará àdúgbò! Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Ẹni tó ń gé mi láṣọ rèé! Nítorí kí oyún rẹ lè dúró lo ṣe fẹ́ fi mí ṣe pààrọ̀!"

Ìyàwó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọkọ wolẹ̀. Ó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀, ohun tó sì tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà pé bóyá òótọ́ ni. Ìyàwó kò sunkún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó di báàgì kan, ó gun ọ̀kadà, ó kọrí sí ìlú àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ pé kòtò ló kún ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá yìí gbọ́, ó sì dé ní ọjọ́ kejì. Obìnrin ni òun náà, àmọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Ṣé o ti tú kọ́bọ́ọ̀dù náà dé ìsàlẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ láti wo aṣọ ara rẹ, kò wá bà ọ́ láti lé aboyún síta. Tú kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi jàre."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ sínú oòrùn ní àgbàlá. Wọ́n kó o títí ó fi bo ẹní mẹ́ta. Òórùn kan ń jáde tí kánfọ̀ ò lè bò mọ́. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀, kẹrẹkẹrẹ yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n fa aṣọ tó kù nísàlẹ̀, aṣọ tí ìyá wọ̀ dé ilé ọkọ. Eku kan fò jáde, ó gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá. Pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti lu láti ìgbà tẹ́nìkan ò mọ̀.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá gbogbo etí aṣọ tó sọnù. Eku ti gé wọn wẹ́wẹ́, ó tẹ́ wọn roboto, wọ́n rọ̀ múlọ́múlọ́. Ọmọ eku méje sùn lé e lórí, ojú wọn kò tíì là.

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Háà. Eku ni mo fún ní ìtẹ́dìí."

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù tòótọ́ tó bà á. Ó rántí ọ̀kadà, ó rántí oṣù mẹ́jọ. Ó ṣa àwọn ìró tó rọ̀ jù lọ, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó dì wọ́n, òun àti ọmọ rẹ̀ sì wọkọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ wọn bá já sí, ó ń rántí pé ọ̀kadà ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó ń gbàdúrà, kò mọ ohun tó ń wí.

Nígbà tí wọ́n dé, àgbàlá dákẹ́. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà náà ló rí àwọn aṣọ kéékèèké tí wọ́n sá sórí okùn, ìtẹ́dìí ni gbogbo wọn, láti ara ìró kan tí kò mọ̀ rí. Ìyá ìyàwó ló sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Ọ̀nà ni ìrọbí ti mú ọmọ òun. Obìnrin kan tó ń ṣa ẹ̀fọ́ lóko ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò mọ̀ ọ́n rí, ló sáré wá. Ìró tó wà nídìí obìnrin náà ló tú, tó fi gba ọmọ. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ, kí wọ́n gé e ṣe ìtẹ́dìí. Kò tilẹ̀ béèrè orúkọ wọn.

Ìyàwó jáde wá, ọmọ wà léjìká rẹ̀, ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ìyá na ìdì aṣọ sí i. Ìyàwó kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ẹ ṣeun, Màmá. A ti rí."

Kò gba ìdì náà. Kò sì gbé ọmọ fún un.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò ní bi ọ́ pé aṣọ mélòó ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ. Ìwọ lo mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, ta lo ti ń fura sí nítorí ohun tó ò lò mọ́? Ta ló kúnlẹ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, tó o sọ fún un pé wàá wò ó? Bó o bá dé ilé lónìí, ní ojúmọmọ yìí, ṣí i, kó o sì tú u dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá rọ̀, gbé e fún ẹni tó ń dúró dè é. Ṣe kíá, kó o má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó sọ fún ọ pé àwọn ti rí.