Àwẹ̀ró Asọ̀rù, Òkúta Àárín Òkè

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúpẹ́, ẹ̀yin ọmọ Òkè-Arágbà, kí ìtàn tó tẹ̀lé e. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró Asọ̀rù, òkúta tí kì í béèrè ohun tó wà nínú agbọ̀n, èjìká tí kì í rẹ̀, abiyamọ tí kò bímọ tó sì ń gba ẹrù lórí ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọrùn wa ṣe dúró ṣánṣán títí di òní, òun ló bá wa tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ìlú yìí ṣì kéré, tí àwọn baba ńlá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí òkè nítorí ogun, tí ẹkùn ṣì ń sùn síbi tí ọjà wà lónìí, ilẹ̀ òkè ń hu iṣu, ó ń hu ẹ̀wà, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò sí. Etí ọ̀sà ni iyọ̀ wà, ìrìn ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú wálé. Ní ayé ìgbà náà ni Lábọ̀dé kú ní agboolé Ìdí-Oṣè. Kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, Àwẹ̀ró àkọ́bí rẹ̀ ni ó pè, ó ní, “Má jẹ́ kí iná ilé yìí kú.” Àwẹ̀ró dáhùn pé kò ní kú. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, àbúrò mẹ́fà ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láwuyì ni ó tẹ̀lé e. Àwẹ̀ró ká òṣùká lé orí, ó bá àwọn aláàárù iyọ̀ lọ sí etí ọ̀sà, ọdún méjìlélógún ni ó sì fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀. Iyọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi tún ilé Lábọ̀dé kọ́. Iyọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi fẹ́ ìyàwó fún Láwuyì. Àwọn ọkùnrin tó wá tọrọ òun fúnra rẹ̀, Láwuyì a ní kí wọ́n ṣe sùúrù di ìrìn tó ń bọ̀, títí sùúrù fi tán nínú wọn.

Àṣà kan wà láàrin àwọn aláàárù iyọ̀. Agbọ̀n iyọ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó rù ú kò lè dá a sọ̀. Bí ó bá jù ú sílẹ̀, agbọ̀n a fọ́, iyọ̀ a dà mọ́ erùpẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ará ilé ẹlẹ́rù ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀ wá sí àárín òkè, lẹ́bàá ihò àpáta kan, láti pàdé rẹ̀, láti sọ̀ ọ́, láti bu omi fún un, kí wọ́n tó gba ẹrù náà rù délé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé Àwẹ̀ró ń lọ pàdé rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọrùn rẹ̀ le, ó sì mọ ọ̀nà. Wọ́n ń jókòó dè é nílé. Bí wọ́n bá rí i lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí gbogbo wọn ń pariwo ni pé, “Iyọ̀ dé o.” Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé Àwẹ̀ró dé. Àwẹ̀ró a rẹ́rìn-ín, a ní ọ̀kan náà ni.

Ní ọdún kẹtàlélógún, bí wọ́n ti ń darí bọ̀, ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó sì ń tiro bọ̀ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹfúnyẹmí, tí wọ́n jọ ń ru ẹrù, dúró dè é.

“Ẹ̀gún yìí mọ ẹni tó lówó,” ni Ẹfúnyẹmí wí. “Ìwọ ló yàn.”

“Máa lọ, jàre. Àwọn èèyàn rẹ ti ń dúró lẹ́bàá ihò.”

“Àwọn tìrẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ti gbé ọbẹ̀ kaná. Wọ́n ń dúró de iyọ̀.”

Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín, ó lọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé àárín òkè, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀, tí wọ́n sì ti mú lọ sílé. Ibẹ̀ dá páro. Òjò àkọ́rọ̀ sì ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ihò àpáta wà níwájú rẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kúrú, ẹlẹ́rù kò lè wọ̀ ọ́ láìsọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀ ọ́. Ó pe orúkọ Láwuyì. Ó pe orúkọ àwọn márùn-ún yòókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjò fa ewé tí ó fi bo agbọ̀n ya. Ó dúró gbọnrangandan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù mú, iyọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ sì ń yọ́, ó ń ṣàn gba iwájú orí rẹ̀, ó ń ta á lójú, ó ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, títí agbọ̀n fi fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ìgbà náà ni ó tó lè sọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò sì wúlò mọ́.

Ó rù ú délé bẹ́ẹ̀. Láwuyì yọjú, ó wo agbọ̀n, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ dà?”

“Òjò ni.”

Ìyàwó Láwuyì mi orí. “Ọkọ mi, òjò tó pa iyọ̀ kò mà pa ebi o.” Wọ́n padà sídìí ọbẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé, àbúrò baba Àwẹ̀ró lóbìnrin, wà ní ìjókòó rẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í rí ẹrù lórí ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tiro.

“Àwẹ̀ró ni. Àwẹ̀ró ọmọ Lábọ̀dé, ọmọ arìn-lórí-àpáta-má-yọ̀, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀-ẹwà-lójú-ọ̀nà, káàbọ̀. Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yẹn?”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Arúgbó náà fọwọ́ kàn án lójú, ó kàn án ní àárín orí, níbi tí òṣùká ti jẹ irun tán. Ó tọ́ ìka lá.

“Ìyá, mi ò mú nǹkan kan wá,” ni Àwẹ̀ró wí.

“Ṣé mo bi ọ́ ni?”

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó ti di ẹkún náà mú.

Ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí ó dìde, ó bá Láwuyì níbi tó ti ń hun agbọ̀n tuntun, èyí tó tóbi ju ti àná lọ. Ó jókòó tì í.

“Láwuyì, bí n kò bá lè rù mọ́, ibo ni ìjókòó mi nínú ilé yìí?”

Láwuyì kò gbójú sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọrùn yín ṣì le.”

Àwẹ̀ró kò bínú, kò ṣépè. Ó mú òṣùká rẹ̀ nìkan, ó lọ dágbére fún Abọ́sẹ̀dé. Ó ní, “Ìyá, mò ń lọ dúró síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dúró dè mí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, èmi ni n ó máa sọ̀ ọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ kí mi.” Arúgbó náà súre fún un. Àwẹ̀ró sọ̀kalẹ̀ dé àárín òkè ní ọ̀sán gangan, ó dojú kọ ọ̀nà etí ọ̀sà, ó sì wọlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹfúnyẹmí ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń ti etí ọ̀sà bọ̀ lóun nìkan, òjò ká a mọ́ àárín òkè kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó dé, ó sì rí òkúta kan tí kò sí níbẹ̀ rí, tó ga dé àyà ènìyàn, tí orí rẹ̀ tẹ́jú, tí òṣùká sì wà lórí rẹ̀. Ó súnmọ́ ọn, ó tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀, agbọ̀n bọ́ sórí òkúta bí ìgbà tí ìyá bá gba ọmọ lẹ́yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ó tì í sábẹ́ àpáta tó yọ síta, òun náà wọ ihò. Hóró iyọ̀ kan kò yọ́. Nígbà tó délé, òṣùká yẹn ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀; ó dá a mọ̀ pé ti Àwẹ̀ró ni.

Láwuyì gbọ́. Ó ra iyọ̀, ó dà á sórí òkúta láti fi tù ú. Òjò wẹ̀ ẹ́ nù. Ó tún dà á, òjò tún wẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ni Abọ́sẹ̀dé ní kí ó fa òun lọ síbẹ̀.

“Iyọ̀ lo tún gbé wá fún ẹni tí iyọ̀ ta lójú? Kí i.”

Láwuyì la ẹnu, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Arúgbó náà ń kọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Láwuyì sì ń tẹ̀lé e lórí ìdọ̀bálẹ̀, títí dé òpin. Nígbà tó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú òjò,” òkúta náà làágùn nínú oòrùn. Láti ọjọ́ náà, Láwuyì di àwòrò àkọ́kọ́ òkúta náà. Kì í sì í jẹ́ kí ẹlẹ́rù kankan gun òkè láìlọ pàdé rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a kì í fi í fi iyọ̀ bọ Asọ̀rù. Ẹ̀wà tí a sè láìfi iyọ̀ sí, omi tútù, àti òṣùká tuntun ni ohun tó ń gbà. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni níbí bi ẹni tó ń bọ̀ pé, “Kí lo mú wá?” Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí olúkúlùkù fi ń fa ẹni tó ń bọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́ wá síwájú òkúta lónìí, ìyá ni o, ọkọ ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, kí ó wá lọ́wọ́ òfìfo, kí a kí i ní oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò bá mọ oríkì ẹni rẹ̀, kí ó dúró kí a kọ́ ọ. Láwuyì náà dúró.

A dúpẹ́, Àwẹ̀ró, ọmọ arìn-lórí-àpáta-má-yọ̀. O sọ̀ wá, o kò bi wá. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, bí ẹ bá padà délé, tí ẹnìkan sì ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo orí rẹ̀.